Má Bu Erùpẹ̀ Ibojì Ìyá Rẹ Wá

Yadira ọmọ mi, lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì ti kà á títí bébà rẹ̀ fi rọ̀. O ní kí n sọ ohun tó yẹ kó o mú bọ̀ ní erékùṣù wa, San Cristóbal, ibi tó yẹ kó o jókòó sí nínú ọkọ̀ ojú omi, àti bóyá wọ́n á jẹ́ kó o bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ láti ibojì ìyá rẹ, kó o lè dà á sí etíkun tí òun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi kú. Gbogbo rẹ̀ ni màá dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún mẹ́rìnlélógún, dókítà sì ti sọ fún mi pé ọkàn mi yìí kò ní í pẹ́ dákẹ́. N kò fẹ́ gbé e wọ inú ilẹ̀. Bó o ṣe ń ka ìmọ̀ràn tó o béèrè, wàá máa rí irú ẹni tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn.

Ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ pọ̀, torí wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ bàálù wá síbí láìní àbọ̀. Gba káàdì àlejò ní pápákọ̀ òfurufú Guayaquil, kó o tó kúrò ní ilẹ̀ ńlá. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n máa fún ọ. Ìwọ tó yẹ kó o ti kọ́ ìrìn nínú iyanrìn wa, ìwọ ni màá máa júwe káàdì àlejò fún. Má di èso kankan sínú àpò, ìbáà ṣe ọsàn kan ṣoṣo. Wọ́n á tú àpò, wọ́n á sì gbà á. Fọ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ títí tí kò fi ní sí ẹrẹ̀ kankan níbẹ̀, torí irúgbìn kékeré inú ẹrẹ̀ lè hù síbí, kó sì pa ohun tó jẹ́ tiwa. Erùpẹ̀ ńkọ́? Má bu erùpẹ̀ ibojì ìyá rẹ wá. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á sì dà á nù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé Narcisa ìyá rẹ kúrò ní erékùṣù yìí lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lé e, ẹnu mi ló lé e.

Èmi àti ìyá rẹ jọ ń mú àlejò kiri etíkun ni. Wọ́n bí èmi síbí. Òun wá láti ilẹ̀ ńlá pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti gbé ibí, tí wọ́n ń tún ṣe lọ́dọọdún, bàbá rẹ sì ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ kan. Kò sí ẹni tó mọ òfin erékùṣù yìí bíi tirẹ̀. Bí kìnnìún òkun, ẹranko omi tó máa ń gun etíkun wá sinmi, bá sùn sórí bẹ́ǹṣì ní etí omi, á tẹrí ba, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ máa sinmi, màá dúró.” Mo máa ń fi í ṣẹlẹ́yà. Lọ́jọ́ kan mo ní, “Narcisa, ṣé o ti bi alángbá yẹn bóyá ó gbà kó o kọjá?” Ó ní, “Mo bi í. Ó ní kí èmi máa kọjá, àmọ́ kí ìwọ tó lẹ́nu bí ẹyẹ òkun dúró síbẹ̀.” A rẹ́rìn-ín títí àwọn àlejò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò wá. Bí a ṣe rí nìyẹn.

Oṣù Kẹwàá ni, ìgbà tí àwọn kìnnìún òkun ń bímọ. Mo mú obìnrin kan tó dé fìlà ńlá lọ sí etíkun kékeré tó wà lẹ́yìn àwọn òkúta dúdú. Narcisa wà ní ìpẹ̀kun kejì pẹ̀lú àwọn àlejò tirẹ̀. Ọmọ kìnnìún òkun kan dá sùn sínú iyanrìn, ìyá rẹ̀ ti lọ pẹja. Obìnrin náà bi mí pé, “Àwọn ẹranko yìí á mọ ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, àbí?” Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lórí bí ọtí. Mo ní, “Wọ́n mọ̀ wá dáadáa. Òórùn kan náà ni wá.” Ni mo bá tẹ̀ síwájú, mo ré ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tí òfin ní kí a fi jìnnà sí wọn kọjá, mo sì gbé ọmọ náà sí àyà mi, tèmi ti ìpara olóòórùn tí a fi ń dènà oòrùn lọ́wọ́ àti lọ́rùn. Ọmọ náà ń fi ẹnu wá ọmú lábẹ́ apá mi. Obìnrin náà ya fọ́tò, ó dúpẹ́. Kò tó àkókò tí ẹyin máa fi jinná.

Òórùn ni ìyá wọn fi ń mọ ọmọ tirẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé n kò mọ̀. Ìyá náà jáde látinú omi, ó pe ọmọ rẹ̀, ọmọ náà dáhùn, ó sì fi ikùn wọ́ lọ bá a. Ìyá náà gbóòórùn rẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó fi orí tì í dànù, ó sì padà sínú omi.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ náà fi ké. Òfin kò gbà kí ènìyàn fún un lóúnjẹ. Àràárọ̀ ni Narcisa ń lọ jókòó tì í, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà géérégé, àwọn apẹja sì ń rí i. Mo bi í pé, “Kí lò ń jókòó ṣe? O ò lè gbà á là.” Ó ní, “Mo mọ̀. Kó má bàa dá nìkan wà ni.” Ó ti lóyún rẹ nígbà náà, ó ń fọwọ́ pa ikùn bó ṣe ń sọ ọ́. Mo padà sílé, mo sì jẹun. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn: mo jẹun.

Nígbà tí ọmọ náà kú, ọ̀rọ̀ dé etí Ọ̀gá Eloy, olórí wa, pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ó pè mí, Narcisa sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Zoraida, ọmọ ibí ni ọ́, o ò ní í parọ́ fún mi. Àwọn apẹja ní Narcisa ni wọ́n ń rí níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣé òun ló fọwọ́ kàn án?” Yadira, ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìtìjú ló le jù, pé kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ ibí ló ṣe é. Mo ní, “Òun ni. Ojú mi ló ṣe.” Ọ̀gá Eloy mí kanlẹ̀, ó ní, “Mo ti mọ̀. Àwọn ará ilẹ̀ ńlá yìí.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ ń wò mí. Bó bá tiẹ̀ sọ pé irọ́ ni, ta ni ì bá gbà á gbọ́? Wọn kò tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bàbá rẹ ti di ẹrù wọn.

Mo sìn wọ́n dé pápákọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo láyà láti sìn wọ́n. Níbẹ̀, Narcisa bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì ń gbá a mọ́ ògiri kí gbogbo iyanrìn inú rẹ̀ lè dà sílẹ̀, nítorí òfin kò gbà kí ènìyàn mú iyanrìn wa jáde. Wọ́n ń lé e lọ, ó ṣì ń pa òfin mọ́. Ó wá wọ bàtà rẹ̀, ó ní, “Ìyá ọmọ tó kú yẹn á tún bímọ lọ́dún tó ń bọ̀. Bá mi máa wò ó. Má tún gbé ọmọ rẹ̀, Zoraida.” Òun ló rí mi lọ́jọ́ náà, láti ìpẹ̀kun kejì. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ amọ̀nà níṣẹ́. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ẹsẹ̀ Mẹ́fà. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ẹranko ló ń mú mi pariwo. Lẹ́tà yìí, èmi fúnra mi ni màá kà á sí wọn létí lọ́jọ́ Àìkú, mo sì ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì kí wọ́n nu orúkọ ìyá rẹ kúrò nínú ìwé ẹlẹ́ṣẹ̀, kí wọ́n fi tèmi sí i. Kí àwọn ọ̀dọ́ náà mọ̀ pé bíbí tí wọ́n bí wọn síbí kò sọ ọwọ́ wọn di mímọ́.

O kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ pé, “Màmá ní kí n wá Àǹtí Zoraida rí, pé ohunkóhun tí ẹ bá sọ, kí n ṣe é, torí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù.” Mo sunkún lórí ìlà yẹn. Ó mọ ohun tí mo ṣe, síbẹ̀ ó fi ọmọ rẹ̀ rán sí mi. Nítorí náà, gbọ́ èyí tó kù. Nínú ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé ọ láti erékùṣù tí bàálù balẹ̀ sí wá sọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn ni kó o jókòó sí, níbi tí ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ gbéni sókè; jẹ búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀ kó o tó wọ̀ ọ́. Mú fìlà àti ike omi tìrẹ. Dípò erùpẹ̀, bí bàtà ìyá rẹ yẹn bá ṣì wà, fọ̀ ọ́ dáadáa, kó o sì wọ̀ ọ́ wá. Kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Wàá fi í tẹ iyanrìn náà fún un.

Màá wà ní èbúté láàárọ̀ ọjọ́ tó o bá dé, nínú aṣọ funfun. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, torí mi ò lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ òun mọ́. Bó o bá lè dárí jì mí, wá bá mi. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, máa bá tìrẹ lọ sí etíkun, ọ̀dọ́ amọ̀nà kan á mú ọ débẹ̀. Mi ò ní í pè ọ́, mi ò sì ní í fọwọ́ kàn ọ́. Mo mọ bó ṣe yẹ kí n jìnnà tó.