Bọ́ Bàtà Rẹ, Músíbáù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ìmọ́lẹ̀ tí kò fi ẹ̀tàn sínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ mi lápá ọ̀tún, ẹ̀yin alásàlátù ẹgbẹ́ mi, inú mi dùn pé mo rí yín. Ẹ sún mọ́ra. Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò le: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, àmánà ni. Ẹni tó bá rà á ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́.

Onípáànù kan wà tó ń jẹ́ Músíbáù. Páànù àlòkù ló fi ń ṣe àtùpà oníná mànàmáná. Á lu ihò wínníwínní sí i lára. Bí gílóòbù bá tàn nínú rẹ̀, ara ògiri á kún fún ìràwọ̀. Bí ààwẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í gba èrò.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo inú àtùpà yẹn. Họ́wù! Ihò tí wáyà ń gbà wọlé mú bí abẹ. Kò fi fáìlì fá a kó dán, kò fi rọ́bà bọ̀ ọ́ létí. Bí atẹ́gùn bá ti ń mì ín, páànù á máa họ wáyà títí wáyà á fi wà ní ìhòhò. Wáyà tó yẹ kó so páànù mọ́ ilẹ̀, kí iná tó bá ṣìnà lè wọlẹ̀ lọ, kò sí níbẹ̀ rárá. Ó ní ta ló ń wo inú àtùpà? Tùè! Ó rí mi lára.

Bí oníbàárà bá bi í pé, "Ṣé èyí ò ní gbé wa báyìí?" á tan iná, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, á bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé ó gbé mi? Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre!"

Ẹ ò bi mí pé kí ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀? Bàtà onírọ́bà tó ki bí búrẹ́dì!

Ṣéfíyà ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan láìwọ bàtà, ọwọ́ rẹ̀ kan ọ̀kan tó ń tàn. "Yéè! Bàbá Àmúdá, nǹkan yìí ń ta mí o!"

"Wọ bàtà rẹ."

"Ṣé gbogbo ẹni tó bá rà á ló máa wọ bàtà ni?"

"Ìwọ lò ń ṣe é àbí èmi?"

Ẹ gbọ́ o: ó mọ̀!

Àwọn ará mọ́sáláṣí àdúgbò rẹ̀ wá ra ọ̀kan. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ibi táwọn obìnrin ti ń ṣe àlùwàlá làwọn máa gbé e kọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń ṣe àlùwàlá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ? Músíbáù gbọ́, ó dákẹ́, ó dì í fún wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ti pe ìrun Màgàríbì. Ìyá àgbà kan ṣe àlùwàlá tán, omi ń kán lápá rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ yọ̀, ó na ọwọ́, ó di àtùpà mú. Iná gbé e! Ó ń gbọ̀n, ohùn ò jáde.

Ẹnì kan ké jáde: "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ paná!"

Wọ́n paná, ìyá wó lulẹ̀. Ta ni? Àlájà Nímọ́tà, ìyá tó bí Músíbáù.

Ó yè, alhamdulillah, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń ka tẹ̀súbáà kò ká mọ́. Músíbáù sáré dé, ó ń sunkún: "Àmúwá Ọlọ́hun ni!" Ẹnu yìí ló kó mi nírìíra jù. Ó ṣe ibi tán, ó gbé e lé Ọlọ́hun lórí!

Ìyá rẹ̀ lanu díẹ̀díẹ̀ lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ ẹ sí lẹ́nu ọ̀nà àlùwàlá. "Músíbáù, wọ́n ní o máa ń di àtùpà rẹ mú níwájú oníbàárà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi."

"Ẹ tan iná yẹn padà. Bọ́ bàtà rẹ, kí o bu omi sẹ́sẹ̀. Dì í mú kí n rí i."

Bàtà kan kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èkejì kò kúrò.

"Mi ò lè ṣe é, Ìyá mi."

"Ohun tí o ò lè fọwọ́ kàn lo wá tà fún wa?"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Músíbáù ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tú àtùpà tó tà sílẹ̀, èébú sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn ká.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe nǹkan tà, bàtà wo lẹ wọ̀ tí ẹ fi ń tan oníbàárà? Lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa máa fi dúró. Ọlọ́hun, fi ọ̀nà tó tọ́ mọ̀ wá, kí iṣẹ́ ọwọ́ wa má di iná tó ń gbé ọmọ ẹlòmíràn. Kí á tó dé ọ̀dọ̀ Rẹ, kọ́ wa ní bíbọ́ bàtà. Àmín.