Ọ̀wọ́ Kẹfà Tí Mo Kọ Nọ́ọ̀sì Sí

Kò sí ẹni tó mọ ènìyàn í tò bí èmi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́nnu díẹ̀, nítorí tí n bá fi máa parí ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu tí n ó fi fọ́nnu kò ní sí mọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ìdíje kẹ̀kẹ́ orí òkè, èyí tí wọ́n ń fi odindi ọjọ́ mẹ́fà gùn, tí irinwó ènìyàn ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún. Èmi ni mò ń pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ. Èmi náà ni mò ń di gbohùngbohùn mú láàárọ̀, tí mò ń pàṣẹ pé kí ọ̀wọ́ kan gbéra, kí èkejì dúró. Bàbá Ìlà ni wọ́n ń pè mí. Bí ènìyàn méjì bá ń jà lórí ẹni tó yẹ kó ṣíwájú, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bi Bàbá Ìlà, òṣùwọ̀n ni ọkùnrin yẹn." Òṣùwọ̀n! Ẹ bá mi gbọ́. Òṣùwọ̀n tí ìdí rẹ̀ ti lu láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí i kí ẹnikẹ́ni má baà rí ihò. Ọwọ́ ti ń ro mí. Mo fẹ́ gbé e kúrò lónìí, kí ohun tó máa jò jò.

Kí ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí lè mọ ohun tí mo ṣe, ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Irinwó kẹ̀kẹ́ kò lè gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá ti gùn díẹ̀, ọ̀nà á wọ inú igbó, á sì tóóró débi pé táyà kan ṣoṣo ló gbà. Ẹni tó bá wà níwájú rẹ níbẹ̀ ti di ọba rẹ nìyẹn: bó bá sáré, ẹ ó jọ sáré, bó bá sọ̀kalẹ̀ pé òun fẹ́ tọ̀, ẹ ó jọ dúró ti ìtọ̀ náà ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tú wọn sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún láàárín, àwọn tó yára níwájú, àwọn tó ń rọra bọ̀ lẹ́yìn. Àkókò tí kálukú fi gùn ún lọ́dún tó kọjá, tó kọ sínú fọ́ọ̀mù, la fi ń mọ ọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ọ̀jẹ̀ tí wọ́n ń du adé kì í ju mọ́kànlá lọ, a sì máa ń fọ́n wọn ká àárín àwọn ọkùnrin, níbi tí àkókò kálukú bá gbé e sí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Obìnrin tó bá bọ́ sẹ́yìn àwọn ọkùnrin tó yára, orí ti bá a ṣe é: ọ̀nà mọ́ níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn gbàgàdà tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ sì ń bá a dí afẹ́fẹ́ tó ń ti ènìyàn sẹ́yìn. Èyí tó bá bọ́ sẹ́yìn àwọn arọ́jú-ṣe, kí ó gbàdúrà.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, obìnrin méjì ni gbogbo ojú ń wò. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Èkejì ni ọmọ tí mo bí. Ẹni tó bá gba adé lọ́dún náà ni yóò wọ ẹgbẹ́ tó ń lọ díje lókè òkun, àyè kan péré ló sì wà. Nọ́ọ̀sì ti kó ìsinmi ọdún mẹ́ta jọ níbi iṣẹ́ kó tó lè wá, ọ̀gá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé ìkẹyìn nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó tún ń rẹ́rìn-ín: "Bàbá Ìlà, bí n kò bá gbà á lọ́dún yìí, ìdí abẹ́rẹ́ lẹ ó ti máa bá mi títí n ó fi fẹ̀yìn tì." Àkókò rẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ dára ju ti ọmọ mi lọ. Ọ̀wọ́ kejì ló tọ́ sí àwọn méjèèjì. Mo jókòó sídìí tábìlì mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo mú fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì, mo wò ó, mo tún un wò. Mo ká a sí mẹ́rin, mo tì í bọ àpò kóòtù. Ẹni tí kò bá fi àkókò rẹ̀ ránṣẹ́, ọ̀wọ́ kẹfà ni òfin wa ní kó lọ. Mo bá kọ ọ́ sí ọ̀wọ́ kẹfà, gẹ́gẹ́ bí òfin. Bí ẹ bá rí olè tó mọ òfin, ẹ má pariwo lé e lórí o, ẹ fún un ní àga kó jókòó. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tẹ nọ́ńbà tí wọ́n ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó ṣíjú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ nọ́ọ̀sì sí ìkẹfà. Ṣé ọwọ́ yín ló yọ̀ ni?" Mo ní ọwọ́ mi kò yọ̀. Ó ní, "Ọkàn yín wá ńkọ́?" Mo ní kó tẹ nọ́ńbà kó yé wàásù. Ó sì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ ni wá.

Lọ́jọ́ kìíní, ọmọ mi fò lọ bí àṣá lẹ́yìn àwọn ọkùnrin tó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Àwọn wo ni nọ́ọ̀sì bá lọ́wọ̀ọ́ kẹfà? Àwọn bàbá tí dókítà ní kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí ikùn wọn ni. Wọ́n dé ẹnu igbó, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì ń kígbe lẹ́yìn, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ fún mi lọ́nà!" Ọ̀kan yíjú padà, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀: "Ọmọ mi, ọ̀nà wo? Èmi gan-an ń wá a." Òmíràn dúró ya fọ́tò òkè. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló ṣòfò sínú igbó yẹn. Nọ́ọ̀sì wá bá mi nídìí tábìlì pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójú, ẹ̀dà fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lọ́wọ́. "Bàbá Ìlà, mo fi àkókò mi ránṣẹ́. Òun rèé." Mo wo ìwé náà bí ẹni pé n kò rí irú rẹ̀ rí, kóòtù sì wà lọ́rùn mi. Mo ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ìgbà tí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra la fi ń ka tìrẹ, ìgbà tí ọ̀wọ́ tìrẹ gbéra ni. Kí lo wá sọnù?" Ó ní, "Ẹ tì mí mọ́lé, ẹ wá ń sọ fún mi pé aago yín kò parọ́." Mo ní kó lọ wẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Òfin tún wà tí èmi fúnra mi kọ: ẹni tó bá pẹ́ lónìí, ẹ̀yìn ni yóò ti gbéra lọ́la. Àkókò tí mo jí gbé lọ́jọ́ kìíní ló ń bá mi jí ti ọjọ́ kejì. Mo jókòó, mo ká ọwọ́ gbera, ìwà ibi mi ti mọ iṣẹ́, kò nílò mi mọ́. Ọmọ mi gòkè sí ọ̀wọ́ kìíní. Nọ́ọ̀sì fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ún, ó sún síwájú ẹyọ ọ̀wọ́ kan. Lọ́jọ́ kẹta, ẹyọ kan sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó wá bá mi níwájú gbogbo ayé, ó ní, "Ẹ dá mi padà síbi tó tọ́ sí mi. Ọjọ́ mẹ́ta ṣì kù, mo ṣì lè bá wọn." Ó ṣeé ṣe. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ó ṣeé ṣe. Bíró wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ gbohùngbohùn wà ní ọwọ́ kejì, ẹnu sì ti máa ń yá mi jù. Mo gbé e sẹ́nu: "Ẹ̀yin ará, nọ́ọ̀sì wa ní ọ̀nà igbó tóóró jù fún òun! Ó ní kí á tẹ igbó dùbúlẹ̀, kí òun gún un lábẹ́rẹ́ kó lè wú!" Irinwó ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń lu kẹ̀kẹ́. N kò tíì pa àwàdà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, òun náà sì ni n bá kó padà sẹ́nu bí Ọlọ́run bá gbà fún mi. Nọ́ọ̀sì kò sunkún. Ó de akoto rẹ̀, ó padà sáàárín ọ̀wọ́ kẹrin. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta, ó gbìyànjú láti gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára ọkùnrin mẹ́ta tó di bíréèkì mú pinpin. Kò sí ẹ̀gbẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú eegun èjìká tó dá sí méjì. Ọmọ mi gba adé. Èmi ni mo kéde rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Lóṣù tó kọjá, àyà mi dédé di mí mú bí ẹni di ọrùn àpò. Wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn. Èrò kún bẹ́ńṣì dé ìta, obìnrin kan tó wọṣọ funfun ló sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, òun ló ń pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé àti ẹni tó máa dúró. Mo gbójú sókè. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Èjìká kan rẹ̀ sì lọ sísàlẹ̀ ju èkejì lọ. Mo sọ fún ara mi pé, "Bàbá Ìlà, ọ̀wọ́ kẹjọ rèé, jókòó jẹ́ẹ́." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó ké sí àwọn tó ń ti bẹ́ẹ̀dì: "Ẹ gbé bàbá yìí wọlé kíá. Òun ló kàn." Ọkùnrin kan fẹ́ jà, pé òun ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ti yín lè dúró. Tirẹ̀ kò lè dúró." Gbogbo ọgbọ́n títo ènìyàn tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún pè ní tèmi, kò ju gbólóhùn méjì yẹn lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, láàárọ̀, ìyàwó mi àti ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì náà wọlé láti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Bíríkìlà kan tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sókè wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo fò sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀, mo gbàgbé omi tí wọ́n fà sí mi lápá, irin tí wọ́n fi gbé e kọ́ ṣubú lù mí ní àárín ẹ̀yìn. "Bàbá, ẹ dìde, ẹ má fa abẹ́rẹ́ yọ!" "N kò dìde! Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́!" Orí ilẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́, láti orí fọ́ọ̀mù títí dórí gbohùngbohùn, bí mo ṣe kọ ọ́ fún yín yìí. Nígbà tí mo parí, mo retí kí ẹnu yà wọ́n. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Fọ́ọ̀mù inú kóòtù? Mo rí i nígbà tí mo fẹ́ fọ kóòtù náà. Mo kà á." "O kà á? O ò sì sọ nǹkan kan?" "Ẹ ò bi mí." Ọmọ mi dorí kodò. "Dádì, ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀. Ọkùnrin tí mò ń sá sẹ́yìn rẹ̀ ló bi mí pé níbo ni nọ́ọ̀sì wà. Mo ní bóyá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Mo mọ̀ pé kò bàjẹ́." Nọ́ọ̀sì gbé irin dìde. "Gbogbo ọ̀wọ́ kẹfà ló mọ̀, bàbá. Àwọn oníkùn yẹn gan-an ń bá mi bú yín bí wọ́n ṣe ń ti kẹ̀kẹ́." Áà! Ọdún mẹ́rin ni mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò tí gbogbo ọjà ń wò.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín tipẹ́, kí n lè rí oorun sùn. Àmọ́ èjìká mi kò gbọ́, kò jẹ́ kí n gbé apá kọjá ibí." Ó gbé apá náà, apá náà sì dúró ní agbedeméjì. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn rí i kà." Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Ọmọ mi dì mọ́ ọn, ìyàwó mi bú sẹ́kún, èmi náà ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo tilẹ̀ na ìka sókè, mo ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò sí níbẹ̀: "Ẹ̀yin tí ẹ ó máa to ènìyàn lẹ́yìn wa, bí orúkọ ọmọ yín bá wà nínú ìwé, ẹ gbé bíró fún ẹlòmíràn! Ìlà kì í ṣe ogún bàbá ẹnikẹ́ni!" Gbogbo wọ́ọ̀dù ń mi orí. Bíríkìlà yẹn rọra fara ti ìrọ̀rí rẹ̀. "Ẹ má bínú o, èmi ò gun kẹ̀kẹ́ rí," ó ní. "Àwọn obìnrin mọ́kànlá yẹn, kí ló dé tí wọn ò kàn jọ gbéra pọ̀?"