Oyin Tí Mo Jẹ Lórí Òkè Nimba

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ẹni tó pọ̀n mí sẹ́yìn nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo pè é lórí fóònù, kò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí wasáàpù, ó gbọ́ ọ, kò dáhùn. Ó dùn mí. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí wọ egungun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń retí pé kí n wá sunkún níwájú yín pé mo jẹ̀bi, ẹ óò pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní mo jẹ oyin olóyin tán, mo wá kọ olóyin sílẹ̀. Ó dáa. Ta ló gbé oyin ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ráìsì láìsọ fún ìyàwó?

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ílọrin ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Ọdọọdún ni mo máa ń ya òkè Nimba sára pátákó, tí mo ń ṣàlàyé pé ilẹ̀ mẹ́ta ló pín in láàárín ara wọn, Gini, Kodifuá àti Làìbéríà, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi kò tíì gun òkè tó ga ju òkè Sóbì lọ. Nígbà tó yá, ó sú mi. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo ra báàgì ńlá kan tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, mo ká àgọ́ kékeré sínú rẹ̀, mo kọrí sójú títì. Kútọnu, Lómè, Àkírà, Àbíjàn, mọ́tò àti ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín. Mo sùn sétí òkun, mo sùn sínú oko kòkó, mo wọ ọkọ̀ ojú omi kan náà pẹ̀lú ewúrẹ́ tó ń jẹ okùn bàtà mi. Bàbá mi kò yéé pè mí. Ó ní obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí kò ní ọkọ, kí ló ń wá nínú igbó? Mo ní òkè ni mò ń wá. Ó ní ṣé òkè tán nílé ni? Ìgbà tí mo fi máa dé Monrovia, oṣù ti gorí oṣù, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti yi bíi ti darandaran, òkè Nimba nìkan ló sì kù kí n padà sílé.

Ilé àǹtí mi ní Paynesville, lẹ́bàá Monrovia, ni mo dé sí. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbẹ̀. Ogun bá a nílùú yẹn, ogun sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí mi gan-an, ó gbé omi gbígbóná fún mi, ó se ráìsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́, ó ń wo bí mo ṣe ń jẹun bí ẹni ń wo ọmọ tó ti ogun dé. Báàgì ẹ̀yìn mi nìkan ni kò fẹ́ rí. Nígbà tí àwọn obìnrin mọ́sálásí bi í pé kí ni mo wá ṣe, ó ní ọjà ni mo wá wò. Lójú wọn, Yorùbá tó bá dé Monrovia láìní ọjà lọ́wọ́, láìní ọkọ tó wá bá, nǹkan kan ló ń lé e. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń lé mi? Kò sóhun tó ń lé mi! Mo lọ sí Robertsport, mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí pátákó lójú ìgbì òkun, òkun gbé mi ṣubú títí omi iyọ̀ fi yọ nímú mi, mo rẹ́rìn-ín. Níbẹ̀ ni mo ti bá Musu pàdé, obìnrin ilẹ̀ Làìbéríà kan tó máa ń kó àwọn èèyàn lọ gun òkè. A jọ mú ọjọ́ tí a máa lọ sí Nimba.

Àṣé bí mo ṣe ń ṣètò tèmi, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti ń ṣètò tiwọn. Bàbá kan wà tó ń gbé ní Brewerville, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Freeport. Ó ti wá kí wa rí, mo gbé omi fún un, mo kúnlẹ̀ kí i, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹrù ló gbé e wá. Èmi ló wá wò! Àǹtí mi àti bàbá mi ti sọ ọ́ lórí fóònù, wọ́n ti gbà. Ọjọ́ tí mo wà ní Robertsport ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà, obìnrin kan báyìí tó lẹ́nu, gbé ẹrù ìyàwó wá: oyin, iyọ̀, ṣúgà, obì, orógbó, èso dábínù. Àǹtí mi gbà á, ó kó o sílé ìdáná, ó ní ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá wá gbọ́ ẹnu mi lòun yóò sọ fún mi, kí n má baà gbé báàgì mi sá.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, mo wọ ilé ìdáná láti wá ohun tí a óò jẹ lórí òkè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ráìsì, mo rí oyin nínú ìgò rìbìtì kan tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ lọ́rùn. Mo rí dábínù, mo rí obì. Àǹtí mi ń wẹ̀ nígbà náà. Mo lọgun pé mo mú oyin díẹ̀ o. Ó dá mi lóhùn láti balùwẹ̀ pé kí n mú ohun tó bá wù mí. Ẹ gbọ́ o, ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òun rò pé oyin tó wà lórí tábìlì ni mò ń wí.

Òkè Nimba kì í ṣe òkè Sóbì. Ilẹ̀ rẹ̀ pupa, ó ń yọ̀, ìkùukùu ń gba àárín wa kọjá bí èéfín. Ibì kan wà tó dúró bí ògiri, Musu sì na ọwọ́ sí mi, ó fà mí. Nígbà tí a dé òkè pátápátá, mo rí ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì yà láti ọjọ́ yìí wá, kò sí ìlà kankan láàárín wọn. Mo bú sẹ́kún. A la obì, a jẹ dábínù, a ń fi ìka tọ́ oyin. Musu ní, “Eh, my sister, this your honey fine o!” Ó yà mí ní fọ́tò, èmi àti ìgò oyin, oyin lẹ́nu mi. Mo fi í sórí wasáàpù kí gbogbo ayé rí i.

Gbogbo ayé sì rí i lóòótọ́. Láti fóònù dé fóònù, fọ́tò náà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà, ó sì dá rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ mọ̀. Kí n tó padà dé Paynesville, ó ti sọ ọ́ kiri pé ìyàwó ti jẹ oyin, ó ti gbà. Bí mo ṣe wọlé pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa lára, pálọ̀ kún fún àgbààgbà, ọkùnrin náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà láàárín wọn, wọ́n ń kí mi kú oríire ìgbéyàwó. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Àǹtí mi fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí:

“Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má dójú tì mí. Gbà fún wọn lónìí. Tó o bá délé, kó o kọ̀ láti ọ̀hún.”

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tó pọ̀n mí ló ń bẹ̀ mí! Díẹ̀ ló kù kí n gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo kúnlẹ̀, nítorí wọ́n kọ́ mi nílé, orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo sì ti sọ ọ́.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo kí yín. Ebi ló jẹ oyin yín, kì í ṣe ìfẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé oyin ìyàwó ni. N kò fẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó ní ohun tí ẹnu bá ti gbé mì, ọ̀nà ọ̀fun kì í dá a padà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, Ọlọ́run á bù kún un, kò bínú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo àǹtí mi, ó ní, “Ṣé ẹnikẹ́ni bi í tẹ́lẹ̀?” Ilẹ̀ ni àǹtí mi ń wò.

Wọ́n ní kí a dá ẹrù padà bó ṣe pé tẹ́lẹ̀. Mo wá oyin mìíràn, mo wá obì mìíràn, mo wá dábínù mìíràn. Àǹtí mi kó o sínú agbọ̀n, ó gbé e rù. Mo ní ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Lójú gbogbo àdúgbò ló gbé e lọ wọ kẹ̀kẹ́, òun nìkan. Ohun tí mi ò lè gbàgbé nìyẹn. Mo ti padà sí Ìlọrin báyìí, òkè ti tán, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àǹtí mi bó ṣe ń lọ ni mò ń rí lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín kí ẹ tó gba ẹrù lórí rẹ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, báwo ni mo ṣe lè rí àǹtí mi padà? Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n tọrọ àforíjì nítorí pé mo kọ̀. Tí wọ́n bá tún gbé oyin náà wá lọ́la, mo máa tún kọ̀. Bí àǹtí mi kò bá gbé fóònù títí ẹ̀ẹ̀rùn fi padà wọlé, báàgì mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.