Àlùwàlá Màmá

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń dúró de èrò ní gáréèjì Kawo lápá àríwá ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó gbé ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀, tí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn wọn.

"Màmá, wọ́n ní ẹ ń bínú ni ẹ ò ṣe wá sí àsàlátù mọ́."

"Ìbínú kọ́. Àlùwàlá mi ni kì í dúró. Bí mo bá ti wúkọ́, ìtọ̀ á já bọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Látìgbà tí mo ti bí àbúrò rẹ."

"Haba, Màmá! Èyí tó ti ń fá irùngbọ̀n yẹn?"

Ìyá náà yára fún itan pọ̀. "Má pa mí lẹ́rìn-ín níbí jàre. Ẹ̀rín gan-an, ṣíṣọ́ ni mo ń ṣọ́ ọ rín."

Ó yẹ kí n kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn dá mi dúró.

"Ẹ bi Àlùfáà. Ẹ̀sìn fàyè gba ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kírun."

"Kí n lọ máa ka ọ̀rọ̀ abẹ́ mi fún ọkùnrin?"

Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ń ṣe èmi náà látìgbà tí mo ti bí eléyìí. Nọ́ọ̀sì ní iṣan ibẹ̀ ló dẹ̀. Ó ní kí n máa fún un pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, pé yóò padà le."

"Ṣé ó sọ bóyá ti àgbàlagbà náà lè padà?"

"Mi ò bi í, Màmá. Mi ò mọ̀ pé ó ń ṣe yín."