Ẹ̀dọ̀ Tó Ń Gbé Oògùn

Nígbà tí ìlú le koko, mo wọ mọ́tò láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wálé láti òkè òkun jókòó níwájú mi.

"Iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe lọ́hùn-ún?"

"Màámi, a máa ń fi ìtànṣán díẹ̀ sínú oògùn. Tí èèyàn bá lò ó, ẹ̀rọ á máa yàwòrán bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń gbé e wọlé, tó sì ń gbé e jáde."

Ìyá pòṣé. "Gbogbo ìwé tí o kà, ẹ̀dọ̀ lo lọ ń ṣọ́ bí ọlọ́dẹ! Níbí, oògùn ibà ti di ohun à-wò-má-lè-rà. Èwo ni ẹ̀dọ̀ tiwa rí gbé?"

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.

"Bàámi rí oògùn lò, Màámi. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ yẹn ń wọ inú ẹ̀dọ̀ wọn, kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ojú wọn pọ́n bí epo, a ní ibà pọ́njú lásán ni, a sì ń fún wọn ní oògùn náà lọ títí wọ́n fi kú."

A fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Àkúrẹ́ tán. Ìyá kọjú sí ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣì le:

"Kí ló wá ń ṣe yín tí ẹ ò fi tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún?"