Bisikíìtì Tí Mo Gbé Lọ Sílé Òkú Bàbá Virgil

Ẹ̀gbọ́n mi Beryl, ẹ má ní kí n fara balẹ̀, ara wo ni n ó fi balẹ̀? Àwọn ará Tennessee yìí ti sọ mí di ẹlẹ́yà nílé òkú. Lurleen ni, ìyá Dwayne ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè pè é ní "wọ́n" lónìí. Látìgbà tí mo ti kúrò ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá fẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbí, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìkòkò rẹ̀ rí. Ìgbà tí Bàbá Virgil, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin: "Glenys, bá wa ṣe bisikíìtì tá a ó fi gba àlejò. Ọbẹ̀ ẹran ń bẹ lọ́wọ́ mi."

Ta ni ò mọ bisikíìtì? Mo ṣáà rò pé ọbẹ̀ wà fún àwọn tó bá fẹ́ jẹun gidi. Èmi náà fẹ́ràn Bàbá Virgil, òun nìkan ló máa ń ní kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ láì rẹ́rìn-ín. Mo dúró ti ààrò, mo fi atalẹ̀ sí i, mo fi ṣúgà sí i, ó gbẹ, ó ń dún kàù lẹ́nu, bí ìyá wa ṣe kọ́ wa gẹ́lẹ́.

Ni Lurleen bá gbé ìkòkò dé, kò tilẹ̀ wo àwo, ó da ọbẹ̀ funfun lé bisikíìtì mi lórí gbuu, ó gbé e fún pásítọ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Pásítọ̀ ò rẹ́rìn-ín o. Eyín iwájú rẹ̀ ló kán sínú ọbẹ̀.

Lurleen ní, "Bisikíìtì ni mo ní kó ṣe, táìlì ló gbé wá." Ta lẹ rò pé ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín? Dwayne ni, tí omijé ò tíì gbẹ lójú rẹ̀.

Kí lẹ wí? Rárá o. Búrẹ́dì kékeré rírọ̀ kan tí wọ́n ń da ọbẹ̀ lé ni wọ́n ń pè ní bisikíìtì níbí. Tiwa, kúkì ni wọ́n ń pè é. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ṣíìpù, ọ̀dùnkún díndín gbígbóná tiwa, ọ̀dùnkún gbígbẹ inú ọ̀rá ni wọ́n nà sí mi. Èdè tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa ni wọ́n wá fi ń kọ́ mi lédè.

Ẹ gbọ́ ná. Oṣù tó ń bọ̀ ni Lurleen ń bá wa bọ̀ ní Leeds, ọ̀dọ̀ yín la ó sì wọ̀ sí. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Púdìn ló fẹ́ràn jù láyé, èyí aládùn bíi mílíkì dídì, tí wọ́n ń fi ṣíbí lá níbí. Bó bá ti béèrè púdìn, ẹ má bi í pé irú èwo. Púdìn dúdú tiwa nílé, tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, ẹ dín in kó gbóná dáadáa, ẹ gbé e síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì da kọ́sítáàdì lé e lórí.