Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Salihat Lórí Òkè

Hakeem ọmọ mi, pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ rọ̀gbà yí bẹ́ẹ̀dì mi ká, ẹ fi àdúrà yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ tán, dókítà ní ọsibítù Hyde Park sì ti sọ fún mi pé n kò ní rí oṣù tó ń bọ̀. N kò lè gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Alhaja Rùkáyátù, torí yín ni mo ṣe ránṣẹ́ pe gbogbo wọn wá sí ilé mi ní South Shore níbí lónìí. Ẹ súnmọ́ mi, ohùn mi ti ń lọ.

Ẹ ń pè mí ní Pròfẹ́sọ̀ Tìjání. Pròfẹ́sọ̀ ọ̀lẹ! Ẹ ń gbé mi jókòó síwájú ní mọ́ṣáláṣí, ẹ ń fi mí yangàn. Ẹ̀yin náà ò mọ èèyàn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé lọ́dọọdún, nígbà òtútù, yunifásítì máa ń rán wa lọ sí ilé kékeré kan lórí òkè ní Colorado, níbi tí a ti ń kọ́ nípa yìnyín àti ojú ọjọ́. Iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe níbẹ̀? Ní aago méje àárọ̀, kí n rìn lọ sídìí òpó kan tí wọ́n rì mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kí n wo ibi tí yìnyín ga dé, kí n gbẹ́ ẹ wò bóyá ó dì mọ́ra, kí n kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé yẹn la fi ń mọ̀ bóyá yìnyín orí òkè fẹ́ ya lu èèyàn. Kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ. Àgbàyà bí èmi ò lè rìn ín! Ìdí hítà ni mo máa ń jókòó sí, màá bu tíì, màá wo ohun tí mo kọ lánàá, màá fi díẹ̀ kún un. Àwọn òyìnbó tí wọ́n pe ara wọn ní ọ̀gá mi rí ìwé tó mọ́ tónítóní, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Òpè ni gbogbo wọn.

Alhaja, lọ́dún tí Salihat ọmọ yín, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi, bá mi lọ, mo kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí síbí, tó ń fi imú sọ Yorùbá, síbẹ̀ tó ń kúnlẹ̀ kí mi tòun ti bàtà yìnyín lẹ́sẹ̀. Yìnyín ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko nígbà tó dé iwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ ti lọ wo òpó yẹn?"

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń ṣeré ni? Mo ti lọ, mo ti bọ̀."

Ó wo ojú fèrèsé. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí òpó, yìnyín tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ ẹyẹ pàápàá kò sí níbẹ̀. Ó wo bàtà mi lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbẹ táútáú. Mo rí i pé ó ti mọ̀. Ká ní ọmọ òyìnbó ni, á wò mí lójú, á ní irọ́ ni mò ń pa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọmọ yín, Alhaja. Ó wolẹ̀.

"Sọ́rì sà. Atẹ́gùn ló máa ti bo ojú ẹsẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ n sáré lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Orúkọ yín náà ni màá kọ sí i, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Atẹ́gùn wo? Ewé kan ò mì lórí òkè láàárọ̀ yẹn. Ọmọdé ló ń bá àgbà wá irọ́ tí yóò fi bo ìtìjú rẹ̀! Òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá lọ síbẹ̀ lẹ́yìn yìnyín tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo fi ń kọ́ wọn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà níbẹ̀, mo ń mu tíì. Mo ní, "Lọ kíákíá. Ti ilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé."

Yìnyín orí òkè ya lù ú. Mo gbọ́ ọ, ó dún bí ìgbà tí tírélà bá da iyanrìn sílẹ̀. Odidi wákàtí kan la fi hú u jáde. Ẹ̀mí ti bọ́.

Ẹ má tíì sunkún, n kò tíì dé ibi tó burú jù. Nígbà tí àwọn olùwádìí bi mí pé ta ló rán an, mo ní mo kọ̀ fún un, olórí kunkun ni. Mo fọwọ́ sí i nínú ìwé wọn. Mo wá wọ ilé yín, Alhaja, mo jẹ ìrẹsì yín, mo sì sọ fún yín pé àìgbọràn ló pa ọmọ yín. Ẹ kúnlẹ̀ fún mi! Ẹ ní, "Ẹ bá mi dáríjì í, Pròf. Mo kọ́ ọ, kò gbà ni." Mo fọwọ́ lé àyà, mo ní mo ti dáríjì í. Èèyàn kọ́ ni mí. Láti ọdún méje ni ẹ ti ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin ilé kéú pé kí wọ́n má ṣe bíi Salihat.

Mo ti kọ òótọ́ ránṣẹ́ sí yunifásítì. Hakeem yóò kà á ní mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́, bí àgbà bá ń purọ́ tí ẹ̀mí wà níbẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ sí i lójú.

Alhaja, bí ẹ bá lè dáríjì mí, ẹ ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá délé kéú, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé Salihat gbọ́ràn. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ìgbọràn yẹn ló sì pa á.